Àmì Kútẹ́ẹ̀sì Kẹta

Ọdún tí ìjọba ti bodè ni mónítọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ mi kú. Kò kú lójijì. Ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó ń pẹ́ kó tó tàn, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a tàn án tí kò dá wa lóhùn mọ́. Ọkọ mi gbá a lẹ́yìn, ó tún gbá a, ó wá jókòó, ó ń wo gíláàsì dúdú náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé òkú kì í jí nítorí ìgbájú. Kò rẹ́rìn-ín.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìlaròó, ní ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ń gbà lọ sí kíláàsì. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe. Láti ayé táípíráítà ló ti wà nídìí ẹ̀. Ó tẹ ìwé àdéhùn ilẹ̀, ó tẹ ìwé ìsìnkú, ó tẹ ìwé àṣekágbá fún àwọn ọmọ tó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ báyìí. Ó lè máa bá èèyàn jiyàn lórí bọ́ọ̀lù kí ìka rẹ̀ máa sáré lọ, kó má sì ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìka rẹ̀ ni mo fẹ́, pé òun fúnra rẹ̀ kàn tẹ̀ lé wọn wọlé ni.

Èmi ní tèmi, ìrẹsì ni mò ń tà, ìrẹsì tó ń gba bodè wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n ti bodè ni wọ́n ti ọjà mi. Àwọn tó ń bá mi gbé e wá gba inú igbó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gba ẹ̀bá Agọ́ṣáṣá, wọ́n gba ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í dé, títí ẹ̀rù fi bà wọ́n tí kálukú jókòó sílé. Mo dojú kóńgò ìrẹsì mi dé, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mẹ́ta la ní, gbogbo wọn ló wà níléèwé. Ìka ọkọ mi nìkan ló wá kù tó ń bọ́ wa. Tí kọ̀ǹpútà yẹn ò bá ṣiṣẹ́, a ò ní jẹun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mónítọ̀ tuntun kò ṣeé dé ìdí ẹ̀. Àlòkù gan-an, Kùtọnù ló ti ń wá. Nígbà tí bodè tì, àwọn tó ní díẹ̀ nílẹ̀ ní Ìlaròó di ọlọ́run kékeré. Tí ẹ bá béèrè iye, wọ́n á wò yín láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé ọmọ wọn lẹ fẹ́ fẹ́. Oníbàárà ọkọ mi kan ló sọ fún wa pé obìnrin Ànàgó kan ń ti òdìkejì bodè wá sí ọjà Ìdógò, pé ó ṣì ń rọ́nà gbé díẹ̀díẹ̀ wọlé, pé ó sì ń ta ọ̀pọ̀, torí gbogbo ọjà rẹ̀ ló ní àbùkù.

A lọ bá a. Obìnrin náà kò pariwo ọjà bí àwọn yòókù. Ó jókòó sórí pákó, ó to àwọn mónítọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó fi ń dán wọn wò. Epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ yẹn kò tó ife omi méjì, torí àkókò yẹn náà ni ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo wá sí ilé epo tó bá súnmọ́ bodè. Ó fa ọ̀kan jáde, ó ní òun á tàn án fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a la ojú wa dáadáa.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí n kò rí lọ́wọ́ olówò mìíràn. Nígbà tí mónítọ̀ náà tàn, ó mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa jáde láti inú àpò ìró rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lápá ọ̀tún gíláàsì náà, ó ní àwọ̀ ewé, ó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì kan ara férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn. Àbàwọ́n dúdú kan wà ní igun òkè lápá ọ̀tún náà, bí ibi tí epo bá kán sórí ìwé. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì kan ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ló sọ òfin rẹ̀ fún wa, pé àbùkù tí òun bá ti kàn lámì, àwa la rà á, kò sí ẹjọ́ mọ́. Èyí tí òun kò bá kàn, tí a bá rí i kí ọjà méjì tó kọjá, kí a fi kútẹ́ẹ̀sì tiwa kàn án, kí a gbé e padà wá, òun á gbà á láìjiyàn. Ó ní ẹni tó ń lò ó ló mọ̀ ọ́n, pé òun kì í bá oníbàárà du ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ọkọ mi kò fẹ́ rà á. Ó ní ìlà yẹn á máa dá òun láàmú. Mo ní ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ló kan ọ̀rọ̀ tó wà láàárín? Ṣé òun kò rí ìlà tí wọ́n kọ sójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ṣé kò mọ̀ wọ́n mọ́ nítorí ẹ̀? Obìnrin Ànàgó náà rẹ́rìn-ín, ó fi Faransé díẹ̀ pọ̀ mọ́ Yorùbá, ó ní, "Mèsí, màdáàmù, ẹ bá mi sọ fún mùsíọ̀." Bí a ṣe rà á nìyẹn.

Ọ̀nà ilé ni wàhálà wà. Láti Ìdógò dé Ìlaròó, igi ìdábùú àwọn aṣọ́bodè pọ̀ lójú títì ju ilé lọ, gbogbo ohun tó bá jọ ọjà òkè òkun ni wọ́n ń já gbà. Mo bá fi ìró wé mónítọ̀ náà, mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, mo fi ọ̀já dì í gádígádí, mo da ìborùn lé e. Mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, mo ń gbá a nídìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kí mi kú ọmọ. Ọkọ mi tó wà níwájú mi ń gbọ̀n, mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, àṣé ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé inú wa dùn rí nítorí mónítọ̀ yẹn.

Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ní àbùkù kẹta wà lára ẹ̀. Mo béèrè ibi tó wà, ó ní apá òsì ni, díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, pé ibẹ̀ ń jẹ ọ̀rọ̀. Mo wò ó, n kò rí nǹkan kan. Mo súnmọ́ ọn, mo jìnnà sí i, mo fi aṣọ nù ún. Funfun báláú ni ibẹ̀. Ó ní kì í ṣe dúdú bíi ti igun òkè yẹn, pé ó kàn dà bíi pé ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀ ni, pé tí òun bá yí ojú síbẹ̀ báyìí ó tún lè sá. Mo ní irú àbùkù wo ló ń sá? Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé kì í ṣe èmi ni mò ń tẹ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ inú mi. Mo rò pé ó ń dọ́gbọ́n ni. Mo rò pé kò fẹ́ mónítọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ó ń wá àbùkù tí obìnrin yẹn kò kàn lámì kó lè rí i dá padà. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Mo ní ìyẹn kò dáa, pé ọmọlúàbí kì í fi irọ́ dá ọjà padà fún ẹni tó la igbó kọjá kó tó gbé e wá. Ó wò mí, kò bínú, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu. Ó kàn ní, "Mo ń rí i, ìyá wọn."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ padà. Ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kò sí. Òmíràn ní ọkọ mi fo odindi gbólóhùn. Ọkọ mi, tí kì í ṣi lẹ́tà kan tẹ̀! Àkókò tí wọ́n ń kọ ìwé àṣekágbá nìyẹn, àkókò ìkórè tiwa, àwọn ọmọ náà sì ń kó iṣẹ́ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì ọ̀nà. Mo wá gbà pé bóyá lóòótọ́ ni gíláàsì yẹn ní àrùn tí èmi kò mọ̀. Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni. Bóyá ẹni tó ń wò ó látàárọ̀ títí dalẹ́ ló lè rí i. Mo gbé kútẹ́ẹ̀sì mi wá, èyí tó ní àwọ̀ elése àlùkò, mo ní kó fi ìka tọ́ka sí ọ̀gangan ibẹ̀, mo sì kan férémù lápá òsì. Àmì kẹta nìyẹn. A pinnu pé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, a ó dá a padà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ kí ọjọ́ ọjà tó dé, iṣẹ́ oníwèé kan tó gbọ́dọ̀ gbà á lọ́jọ́ kejì. Èmi ni ọgbọ́n náà wá sí lọ́kàn. Mo ní tí apá òsì bá ń jẹ ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ sì máa ń ti apá òsì bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí a ò ní dorí mónítọ̀ náà kodò? Àbùkù tó wà lósì á bọ́ sí ọ̀tún, níbi tí ìlà ọ̀rọ̀ ń parí sí. Ọkọ mi ní ọgbọ́n obìnrin ni. Ó tẹ bọ́tìnnì mélòó kan pọ̀, ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà dorí kodò. A wá gbé mónítọ̀ náà dorí kodò, a fi ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n pa lọ́dún. Ọ̀rọ̀ tún wá dúró ṣánṣán. A rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ìlà àwọ̀ ewé yẹn bọ́ sí òsì, àmì pupa rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àbàwọ́n igun òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, àmì tirẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Àmì elése àlùkò tèmi bọ́ sí ọ̀tún. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá wọn, ṣé ó ti kúrò lójú ọ̀nà yín?" Ó jókòó, ó na ọrùn, ó wò ó. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá na ìka sí apá òsì, díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ní ọ̀gangan ibi tó tọ́ka sí tẹ́lẹ̀. Ó ní ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ní níbo? Ó tún tọ́ka sí i. Mo ní àmì tiẹ̀ ti wà lọ́tùn-ún, ẹ wò ó. Ó ní, "Ó ti rìn. Gíláàsì burúkú ni, ó ń rìn."

Àbùkù gíláàsì kì í rìn. Méjì tòótọ́ wà níwájú mi tó lọ síbi tí mónítọ̀ gbé wọn lọ. Ẹ̀kẹta kò tẹ̀ lé mónítọ̀. Ọkọ mi ló ń tẹ̀ lé. Mo mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì tí mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì, mo dé e títí ìdérí rẹ̀ fi le dan-in. Mo ní mo fẹ́ lọ gbé ọbẹ̀ kaná, mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sì jókòó sórí kóńkéré ẹnu kànga.

Gbogbo rẹ̀ wá ń wọlé tọ̀ mí wá níbẹ̀. Èjìká òsì rẹ̀ tó máa ń kọlu òpó ilẹ̀kùn, tí mo máa ń bi í pé ṣé ó ti mu ẹmu ni. Omi tó ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ọjọ́ tó tẹ ẹsẹ̀ bọ gọ́tà tí gbogbo àdúgbò rí i, tí mo ní kó máa wolẹ̀, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín.

Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí jù ni bàbá rẹ̀. Ajílété ni bàbá rẹ̀ gbé, àgbẹ̀ ni. Kí n tó wọlé ọkọ ni ojú bàbá náà ti fọ́, kò ṣàìsàn, kò sì ṣubú. Wọ́n ní ńṣe ni ayé ń kéré sí i lójú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́ lọ, àárín tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, okùn kan wà tí wọ́n so láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lọ dé ilé ìwẹ̀. Okùn yẹn ni bàbá ń dì mú lọ, òun náà ló ń dì mú bọ̀. Ọkọ mi ló ti so ó nígbà tó ṣì wà lọ́mọkùnrin, kó lè ráàyè lọ síléèwé. Tẹ́lẹ̀, òun ló ń fà á lọ́wọ́ kiri. Nígbà tí bàbá kú, ó tú okùn náà, ó ká a, ó gbé e wá sí Ìlaròó, ó fi há àjà wa. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní okùn tó dáa ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ wa yí padà. Èmi tí mo ní ká dá mónítọ̀ padà wá di ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé ká máa lò ó bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀nà kò dáa, mo ní wọ́n á já a gbà, mo ní obìnrin yẹn lè má wá. Ohun tó wà nínú mi ni pé, tí mónítọ̀ yẹn bá ṣì wà lórí tábìlì, a ní ohun tí a lè dá lẹ́bi. Tí a bá gbé e kúrò, ta ló kù? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni mo wo ojú rẹ̀ tí n kò lè sọ ọ́. Ẹni tó ti fa afọ́jú lọ́wọ́ láti kékeré, báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún un pé ó ti kan òun náà?

Òun kò gbà. Ìrètí ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní àbùkù kẹta kò ní àmì pupa, nítorí náà kì í ṣe tiwa. Ó ní bí òun bá ti rí mónítọ̀ mìíràn, iṣẹ́ á padà. Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ kí ebi pa àwọn ọmọ ni.

Ọjọ́ ọjà pé. Obìnrin Ànàgó náà wà lórí pákó rẹ̀. Ọkọ mi gbé mónítọ̀ kalẹ̀, ó fi àmì elése àlùkò hàn án, ó sì ṣàlàyé bí ibẹ̀ ṣe ń jẹ ọ̀rọ̀. Obìnrin náà tàn án. Ó wo ibẹ̀ pẹ́, ó fi ọwọ́ pa á. Ó wo ọkọ mi. Ó wá wo èmi, mo sì gbé ojú mi kúrò. Ó ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òun ọ̀rọ̀ òun ni. Ẹni tó ń lò ó ló mọ̀ ọ́n.

Ó bọ́ sẹ́yìn, ó ká aṣọ lórí mónítọ̀ kan tí kò tò mọ́ àwọn yòókù. Ó ní ẹnì kan ní Àbẹ́òkúta ló rán òun pé kí òun mú un wá kí bodè tó tì, ẹni náà kò sì lè wá mọ́. Kò sí àmì kútẹ́ẹ̀sì kankan lára ẹ̀. Ó ní kò ní àbùkù, pé ọkọ mi lè fi tirẹ̀ gbà á, kó má fi nǹkan kan lé e. Ó so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó tàn, funfun ni láti igun dé igun, ó mọ́ débi pé àwọn tó ń kọjá dúró wò ó.

Ọkọ mi jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbàdúrà, mo ní Ọlọ́run, jẹ́ kí n jẹ́ òmùgọ̀, jẹ́ kó jẹ́ pé gíláàsì yẹn ló ń rìn lóòótọ́. Ọkọ mi wo ọ̀tún. Ó wo àárín. Ó wá kọ ojú síwájú gan-an, kò mira. Mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀ tó gbéra, ó na ìka sí apá òsì gíláàsì mímọ́ náà, díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìka náà kò débẹ̀. Ó fà á padà, ó fi í sórí eékún rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì bò ó.

Obìnrin náà ní, "Ṣé ó dáa, mùsíọ̀?"

Ọkọ mi gbé ojú kúrò lára gíláàsì náà. Ó ní, "Ó dáa púpọ̀. Ẹ gbé tèmi fún mi."

Obìnrin náà rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó ní òun ní kó mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ mi dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó tọ́jú rẹ̀ de ẹni tó máa jàǹfààní rẹ̀. Ó gbé mónítọ̀ alábùkù wa sábẹ́ apá. Obìnrin náà pa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí a ń lọ, ó sáré tẹ̀ lé mi, ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ó kí mi pẹ̀lẹ́.

N kò pọ̀n mónítọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ mi gbé e lé itan rẹ̀ gbangba lórí ọ̀kadà. Níbi igi ìdábùú kejì, wọ́n dá wa dúró, wọ́n béèrè ohun tó jẹ́. Ọkọ mi ní mónítọ̀ tó ti bàjẹ́ ni. Ẹni tó dá wa dúró yí i sọ́tùn-ún sósì, ó rí àwọn àmì, ó béèrè ohun tí ó fẹ́ fi mónítọ̀ tó bàjẹ́ ṣe. Ọkọ mi ní òun fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni a lọ sí Àbẹ́òkúta. Dókítà ojú fi iná wo inú ẹyinjú rẹ̀, ó ní omi inú ẹyinjú ló pọ̀ jù, tó ń fún iṣan tí a fi ń ríran pa. Ó ní ti òsì ti lọ jìnnà, ti ọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi béèrè bóyá èyí tó ti lọ lè padà. Dókítà ní kò lè padà, pé oògùn tí a ń kán sójú kàn lè jẹ́ kí èyí tó kù pẹ́ díẹ̀ ni. Oògùn yẹn, láti òkè òkun ló ń wá. Ó wọ́n, ó sì tún wọ́n ju tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn a kò rí i rà rárá.

Èmi ni mò ń tẹ̀wé báyìí, ìka kan níbí, ìka kan lọ́hùn-ún, lórí mónítọ̀ alámì mẹ́ta náà. Ó kọ́kọ́ ń jókòó tì mí, ó ń ka ọ̀rọ̀ fún mi láti inú ìwé tó gbé súnmọ́ imú, nígbà tí ó ṣì lè kà á. Nígbà tó yá, èmi ni mo ń kà á, tí mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ṣì ń wá nítorí ìtìjú. Èmi fúnra mi kò ní gbé iṣẹ́ mi fún irú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lójúde, ó ti inú ilé jáde, ó ń fi ọwọ́ pa ògiri bọ̀. Mo ní kó rọra, àtẹ̀gùn ń bẹ níwájú. Ó dúró. Ó ní, "Ìyá wọn, okùn Bàbá yẹn, ṣé o kò tíì fi so ewúrẹ́?"

Mo ń wo ẹ̀wà tó wà nínú àtẹ. Mo sọ fún un pé ó ṣì wà lájà.